Ọwọ́ Tó Yọ Lábẹ́ Aṣọ Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́

Wọ́n ní òkú ni. Wọ́n ní ọwọ́ tó yọ lábẹ́ aṣọ olórin tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́, nínú sinimá orin rẹ̀ tuntun, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ẹnì kan ní ìkejì rẹ̀ tó kú lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn ló ni ín. Ẹlòmíràn ní ìka mẹ́fà ló wà níbẹ̀, òun kà á, òun tún un kà. Obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà wa búra pé bí èèyàn bá dá sinimá náà dúró síbi tí ọwọ́ yẹn ti yọ, fóònù onítọ̀hún á kú pii, kò sì ní tàn mọ́ àfi tó bá tọrọ àforíjì. Lọ́wọ́ ta ni? Kò sọ. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé àwọn fóònù tó kú lọ.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó (ẹ wà níbẹ̀, mo mọ̀ yín, ẹ kàn ń díbọ́n ni), orúkọ àwo orin náà ni "Èmi Nìkan Nílé". Kì í ṣe àwo tí èèyàn ń gbọ́ kó máa fọ abọ́ lọ. Sinimá kan ṣoṣo ni, orin sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Obìnrin kan ló dá wà nínú ilé ńlá. Orin kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni aṣọ ọrùn rẹ̀ ń gùn sí i lẹ́yìn, títí aṣọ á fi kún inú ilé, tí obìnrin náà ò ní ríbi gbẹ́sẹ̀ lé mọ́. Nínú orin ti pálọ̀, ó dúró lójú fèrèsé, kò mira rárá, ṣùgbọ́n aṣọ tó tẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ ń wú, ó ń rọlẹ̀, bí ẹni tó ń sùn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ kan ti yọ lábẹ́ aṣọ, ó kan etí aṣọ náà, ó sì padà wọlé. Bí èèyàn bá ṣẹ́jú, kò ní rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi òkú sílẹ̀ ná. Alààyè kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Àbúrò ìyá mi ni, aránṣọ ni. Aǹtí Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mú. Bí o bá wọ aṣọ tí wọ́n rán ní jákujàku kọjá níwájú ilé rẹ̀, á pè ọ́ padà. "Ìwọ yìí, kí lo fi ṣe ẹni tó rán èyí fún ọ?" Á ní kó o bọ́ ọ, á ju ìborùn kan sí ọ lọ́wọ́ kó o fi bo ara, á tú ìṣẹ́tí aṣọ náà, á tún un rán, á sì lé ọ jáde. Ìṣẹ́tí, etí aṣọ tí wọ́n ká sínú kí wọ́n tó rán an, ló fi ń mọ aránṣọ gidi. "Ojú aṣọ lè purọ́," ló máa ń wí. "Ìṣẹ́tí ò lè purọ́."

Pálọ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tó ń ta ayò. Ọ̀kan ni tirẹ̀. Èkejì ni ti ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ aránṣọ, tó ti di olóògbé. Aǹtí ṣì ń fi epo sí i, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń jókòó sídìí rẹ̀. Láàárín méjèèjì ni ère kan dúró sí, èyí tí kò lórí tí kò lápá, tí àwọn aránṣọ fi ń wọn aṣọ wò. Ère yìí ti wà nílé ọkọ Aǹtí kó tó gbé Aǹtí wọlé, nítorí náà Ìyáálé ni Aǹtí ń pè é.

"Ìyáálé mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò sanra, ẹ ò rù, ayé yín ṣáà ń dùn."

Bí mo bá wọlé tí mi ò kí Ìyáálé, Aǹtí á fojú bá mi wí. Mo fẹ́ bàlúùnù kan nígbà kan, mo ya ojú àti ètè pupa sí i, mo so ó mọ́ Ìyáálé lọ́rùn, mo wá lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aǹtí wọlé, ó wò ó títí.

"Ó ti wá lórí báyìí," ó ní. "Ìráhùn ló kù."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ilẹ̀kùn gbá mi nímú. Ohun tí mi ò retí ni pé kò yọ orí náà kúrò. Ó fi í síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi tán fúnra rẹ̀, tí ojú náà fi hun jọ bí ojú arúgbó.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Aǹtí bí. Nọ́ọ̀sì ni, ìlú tó jìnnà sí wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó jù mí lọ, Sístà ni mò ń pè é. Ẹ má bú u fún mi o, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ó sì ń pè. Àmọ́ ìpè rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tí òun náà ń gún fáwọn èèyàn: kó o tó mọ̀ pé ó wọlé, ó ti jáde.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ara le?"

"Ara le, ọmọ mi. Mo ní kí n sọ fún ọ pé..."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì. Wọ́n ń pè mí. Màá pè yín padà."

Kò ní pè padà. Aǹtí á ṣì gbé fóònù sétí fúngbà díẹ̀ sí i, bí ẹni pé ìyókù ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun kan ló máa ń mú Sístà sọ̀rọ̀ pẹ́: Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn rẹ̀. Àwòrán olórin náà ṣì wà lára ògiri yàrá tó sùn sí nígbà yẹn, Aǹtí ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ Aǹtí, tó ti wá di aránṣọ àwọn gbajúmọ̀, wá sọ pé òun ń wá ọwọ́ tó mọ ìṣẹ́tí, torí aṣọ Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ kan gùn ju ohun tí máṣíìnì lè gbé lọ, Aǹtí ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà síta kí sinimá tó jáde. Wọ́n ní ní ìparí rẹ̀, wọ́n máa kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi nìkan ni Aǹtí sọ fún, ìyẹn náà torí pé mo wọlé bá apá kan aṣọ náà lọ́rùn Ìyáálé, mo sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó gbá mi lọ́wọ́, ó jókòó, ojú rẹ̀ ń dán.

"Sístà rẹ máa wò ó dé òpin, mo mọ ọmọ mi. Á ṣàdédé rí orúkọ ìyá rẹ̀ tó ń gòkè lọ lójú sinimá. Áà! Á pariwo. Àwọn aláìsàn á rò pé iná ń jó. Á wá pè mí, á ní, 'Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́!' Màá ní, 'Èmi mà ni o.'"

Ó ṣe ohùn àwọn méjèèjì, ti ọmọ àti ti ìyá. Gbogbo ìgbà tó fi ń rán aṣọ yẹn ló ń ṣe é. Sístà á pè, á kí i, á gé e, Aǹtí á pa ẹnu mọ́. Èmi ni mo mọ bó ṣe ń ṣe é bí ẹni tó gbé iná sẹ́nu.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ya orin pálọ̀, ó lọ síbẹ̀ láti dúró ti aṣọ, bóyá nǹkan á já. Ilé tí wọ́n ti ń yà á tóbi, ó ṣófo, wọ́n ti kó gbogbo àga inú rẹ̀ jáde. Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ fúnra rẹ̀ wọ sálúbàtà ilé ìwẹ̀ sábẹ́ gbogbo ẹwà yẹn, ó sì ń yán. Ọ̀rọ̀ tó bá Aǹtí sọ ò ju, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan ń gún mi níbí." Aǹtí yọ píìnì náà, ọ̀rẹ́ wọn parí síbẹ̀.

Aṣọ náà ló ṣòro. Olùdarí sinimá, ọkùnrin kan tí kì í jókòó, fẹ́ kó máa mí. Wọ́n gbé fáànù sí i, ó fò káàkiri bí aṣọ orí okùn nígbà tí òjò ń bọ̀. Wọ́n fi okùn fà á, ojú ìrán ya. Aǹtí gbọ́ ìró yíya yẹn nínú egungun rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó mú abẹ́rẹ́, ó rá wọ abẹ́ aṣọ láti lọ rán an. Bó ṣe ń rá lọ lẹ́yìn rẹ̀ ń gbé aṣọ sókè.

"Kí ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?" Olùdarí pariwo.

"Èmi ni o. Mò ń rán an lọ́wọ́."

"Ẹ má jáde! Mọ́mì, ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ rọra gbé apá sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹni tó ń sùn."

"Ṣé kí n sùn ni, àbí kí n ṣe bí ẹni tó ń sùn? Torí méjèèjì ló rọrùn fún mi."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n tan iná, wọ́n dákẹ́, orin bẹ̀rẹ̀, Aǹtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí fún aṣọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú aṣọ wọlé bíi ti àárọ̀ tí èèyàn ò tíì jí dáadáa, ohùn olórin sì ń bọ̀ láti òkèèrè bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà.

"Ẹ̀rù ò bà yín?" mo bi í.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Gbogbo wọn ń wo ibi tí mo wà, kò sẹ́ni tó ń rí mi. Ó ti mọ́ mi lára."

 

Láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti rí i pé ìṣẹ́tí ti yí padà níbì kan, inú rẹ̀ wà lójú, òwú rẹ̀ ń hàn. Ó ní òun gbìyànjú kí òun gbójú kúrò. Ó ní òun ka àdúrà. Ẹ ò mọ Aǹtí mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ìṣẹ́tí padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé.

"Ẹ dúró! Ta ló nawọ́ jáde?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó ti yí padà ni."

Wọ́n tún un yà lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ Aǹtí ò sì jáde mọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń to sinimá pọ̀, Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ ní èyí àkọ́kọ́ lòun kọ dáa jù, òun ò gba òmíràn. Bí ọwọ́ náà ṣe wọ sinimá nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó jáde, fóònù mi la gbé ti ara máṣíìnì, àwa méjèèjì àti Ìyáálé jọ wò ó. Aǹtí ò wo olórin, ìṣẹ́tí ló ń wò. Nígbà tí ọwọ́ yẹn yọ, ó bojú. "Yéè, ó hàn!" Mo gbá a léjìká, mo ní òṣèré ti wọ ìdílé wa. Nígbà tó parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn tó di kámẹ́rà mú. Àwọn tó gbé iná. Ẹni tó yá wọn nílé náà. Ajá ẹni tó yá wọn nílé náà, mi ò purọ́. Nígbà tó kan aṣọ, orúkọ ilé ìránṣọ obìnrin tó gbé iṣẹ́ náà wá nìkan ló kọjá, gbogbo àwọn tó rán an wà nínú rẹ̀ bí ẹrù inú àpò.

"Bóyá ó yára ni," Aǹtí wí.

Mo dá a padà. A tún un wò.

"Ó dáa," ó ní. Ó dìde, ó lọ fi epo sí máṣíìnì ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àná ló fi sí i.

Ìgbà yẹn ni fóònù dún.

"Mọ́mì! Ẹ ti wo sinimá Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́? Mọ́mì, ẹ rí ọwọ́ yẹn? Gbogbo wọ́ọ̀dù wa ń jà lórí ẹ̀! Wọ́n ní òkú ni!"

Aǹtí wò mí. Mo mi orí, mo ń fi ẹnu lásán sọ pé kó sọ, kó sọ. Ó la ẹnu.

"Òkú kẹ̀?" ó ní. "Jókòó, sọ fún mi."

Sístà sọ ọ́. Ó sọ ti ìkejì tó kú, ó sọ ti ẹ̀mí inú ilé, ó sọ títí fóònù Aǹtí fi kú. (Ẹ ò rí i? Obìnrin alátùn-únṣe fóònù ò purọ́ tán.) Lọ́jọ́ kejì ó tún pè. Kò ní wọ́n ń pe òun. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló jẹ, ó bi í pé ta ló ń bá a fa omi. Láàárín ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni gbogbo ìyẹn ń bọ́ sí, bí iyọ̀ tó ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ tán, Aǹtí fi ọ̀kan kún un.

"Ṣó o kà á dáadáa? Bí mo ṣe wò ó, ìka mẹ́fà ni."

"Ẹ ń ṣeré ni, Mọ́mì?"

"Lọ kà á."

Mo di ẹnu mi mú kí n má baà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni ọwọ́ ló ń fi ìka kún un! Láti ọjọ́ yẹn ni èmi ti di oníròyìn rẹ̀. Bí mo bá wọlé, kò ní dáhùn ìkíni mi. "Kí ni wọ́n wí lónìí?" Ó ń fẹ́ ohun tó máa bá ọmọ rẹ̀ sọ.

"Aǹtí, ẹ sọ fún un," mo wí níkẹyìn. "Ẹ sọ pé ọwọ́ yín ni. Ṣebí ohun tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn."

Ó fi eyín gé òwú. "Bí mo bá sọ, á ní, 'Háà, Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́.' Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kí ló kù tó máa torí ẹ̀ pè mí?"



Àmọ́ àhesọ náà ń darúgbó. Olórin mìíràn ṣe ohun mìíràn, ayé gbàgbé ọwọ́, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ìyẹn. Ìpè Sístà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Aǹtí gbìyànjú, ó ní òun gbọ́ pé ọwọ́ náà ti yọ nínú sinimá ẹlòmíràn. "Mọ́mì, ìyẹn ti gbó," Sístà dáhùn, wọ́n sì ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó tì í, mò ń bá a tú òwú aṣọ kan. Sístà pè, Aǹtí gbé ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́. Ara le, ara le. Kó tó gé e, Aǹtí ní:

"Dúró ná. Ọwọ́ inú sinimá yẹn, èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo rán ìṣẹ́tí aṣọ náà. Mo wà lábẹ́ rẹ̀, ó yí padà, mo sì tún un ṣe."

 Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde láti inú fóònù, ẹ̀rín gidi, èyí tó ń ti inú ikùn wá.

"Mọ́mì! Alápàárá yẹn wà níbẹ̀, àbí? Òun ló kọ́ yín!"

"Sístà, òótọ́ ni o!" mo pariwo. "Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Ìwọ tó o pè mí purọ́ pé wọ́n ti fi mí ṣe olórí nọ́ọ̀sì, tí mo fi lọ ra bàtà? Lọ jókòó. Mọ́mì, ẹ̀yin àti ìṣẹ́tí! Ẹ máa sinmi o. Wọ́n ń pè mí."

Ó gé e. Aǹtí gbé fóònù kalẹ̀ lórí aṣọ. Mo ní kí n pe ilé ìránṣọ yẹn, kí wọ́n jẹ́rìí. Ó ní rárá, òun ò ní pe ẹlẹ́rìí sórí ọ̀rọ̀ tí òun bá ọmọ òun sọ.

"Ó rẹ́rìn-ín," ó ní. "O gbọ́ ọ? Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sí mi létí."

Ó rán aṣọ díẹ̀. Máṣíìnì kejì dákẹ́ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìgbójú sókè, ó ní, "Ó máa ń ka nǹkan tó o bá kọ sórí fóònù."

"Ó ń kà á ju bó ṣe ń gbé ìpè mi lọ."

"Kọ ọ́, nígbà náà. Má fi àpárá sí i."

"Díẹ̀ ńkọ́?"

Ó rò ó. "Díẹ̀. Kí wọ́n má baà rò pé wọ́n ń kà nípa olóògbé."

Díẹ̀ náà ni mo fi sí i. Sístà, ẹ lè bú mi bẹ́ ẹ bá kà á tán, ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò sí àpárá nínú èyí: ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ò kú. Ó wà nílé.